Bí Ọdẹ́rìndé Ṣe Gba Aya Rẹ̀ Kúrò ní Ìlú Ìjókòó

Ẹ sún mọ́ mi, ẹ̀yin ará ilé àti ẹ̀yin tí ẹ yà wá láti oko. Ẹni tí ó bá ní ẹ̀pà lọ́wọ́, kí ó máa jẹ ẹ́ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, kí ariwo ẹnu má baà borí ìtàn. Ẹni tí ọmọ ń sunkún lẹ́yìn rẹ̀, kí ó fún un lọ́mú. Ọ̀rọ̀ itan àti orúnkún ni mo gbé dé, kò sì sí ẹni tí ẹ̀mí rẹ̀ gùn tí kò ní í bá ọ̀rọ̀ yìí pàdé lọ́nà. Èmi tí mo ń sọ ọ́ kì í ṣe ọdẹ tí ń pa aláǹgbá lẹ́yìnkùlé. Èmi àti ẹfọ̀n ti kọjú sí ara wa rí ní etí omi, ẹfọ̀n ni ó kọ́kọ́ mójú kúrò. Síbẹ̀, ẹni tí mo fẹ́ ròyìn rẹ̀ yìí jù mí lọ. Ọ̀gá mi ni. Òun ni ó kọ́ mi bí a ti ń di ìbọn mú. Ọdẹ́rìndé ni orúkọ rẹ̀.

Ní Òkè-Ahun tí wọ́n bí i sí, wọn kì í fi ọ̀wọ̀ àgbà ṣeré. Bí irun ènìyàn bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í funfun, ó di èèwọ̀ kí ọmọdé rí i pẹ̀lú ẹrù kí ó máa wò ó. Ọmọ tí ó bá dán irú rẹ̀ wò, wọn a ní ilé kò kọ́ ọ, ọ̀nà náà kò kọ́ ọ. Nítorí náà, lọ́jọ́ tí ewú kọ́kọ́ yọ ní ìpàkọ́ Ọdẹ́rìndé, àwọn ọmọ rẹ̀ gba ìbọn lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tí ewú dé iwájú orí, wọ́n gba ọkọ́. Nígbà tí ó dé irùngbọ̀n, wọ́n gba agbè tí ó fi ń bu omi bọ́jú. Àwẹ̀ró aya rẹ̀ náà kò yọ sílẹ̀: wọ́n gba ọmọ odó, wọ́n gba ọlọ, wọ́n gba ìgbálẹ̀. "Ẹ jókòó, Ìyá. Kí ni ẹ bí wa fún?" Wọ́n gbé àga méjì sí abẹ́ igi odán níwájú ilé, wọ́n fi àwọn méjèèjì lé e bí ẹni gbé àwo tánganran lé orí pẹpẹ.

Ó dùn mọ́ wọn, ẹ má jẹ́ kí n purọ́ fún yín. Ta ni ìkẹ́ kì í dùn mọ́? Ṣùgbọ́n àdá tí a kò lò a máa dípẹtà. Itan Ọdẹ́rìndé tí ó ti ru àgbọ̀nrín láti igbó dé ilé rí wá di tín-ín-rín bí ẹsẹ̀ lékelèke. Àwẹ̀ró tí í gún iyán fún gbogbo àwọn ọlọ́wẹ̀ láìsinmi di ẹni tí ènìyàn méjì ń gbé dìde. Àwọn ará àdúgbò a máa mi orí, wọn a ní, "Ọjọ́ ogbó ti dé." Ogbó dé lóòótọ́. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ogbó nìkan ni ó dé. Àga náà dé.

Nígbà ọyẹ́ ọdún kan, tí gbogbo ilé ti lọ sóko, àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin kan yọ láti ẹ̀yìn odán. Aṣọ wọn funfun bí òwú. Wọ́n gbé àga ńlá kan lé èjìká, wọ́n fi òwú àràbà tẹ́ inú rẹ̀. Wọ́n sọ àga kalẹ̀, wọ́n dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Ẹ kú ìjókòó o, Ìyá wa."

"Ẹ dìde, ẹ̀yin ọmọ dáadáa," ni Àwẹ̀ró wí.

"Ìyá, àga yín yìí ti le jù. Lọ́dọ̀ wa, àgbà kì í fi ẹsẹ̀ kan ilẹ̀. Kì í fi ọwọ́ ara rẹ̀ bu òkèlè."

Àwẹ̀ró yíjú sí ọkọ rẹ̀. "Ẹ gbọ́ bí, Bàbá Níyì? Ẹ wo ọmọ tí ilé kọ́!"

Kí Ọdẹ́rìndé tó la ẹnu, wọ́n ti gbé Àwẹ̀ró sínú òwú, wọ́n ti gbé àga léjìká. Ojú ọdẹ kì í kú. Ó wo ẹsẹ̀ wọn, ó rí i pé ẹsẹ̀ wọn kò kan ilẹ̀. Iwin ni wọ́n!

"Ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀!" ni ó ké. Ó fi ọwọ́ méjèèjì ti àga, ìdí rẹ̀ gbéra díẹ̀, orúnkún gbọ̀n, ìdí padà. Ó tún tì í, ó tún padà. Ọ̀rọ̀ náà wá yé Àwẹ̀ró. Ó na ọwọ́ sẹ́yìn. "Bàbá Níyì! Ẹ dìde! Ẹ dìde wá mú mi o!" Aya rẹ̀ kò jìnnà sí i ju ibi tí a lè ju òkò dé lọ, ọkùnrin tí ó ti lé ẹkùn rí kò sì lè kúrò lórí àga.

Èyí tí ó wà lẹ́yìn nínú àwọn iwin yìí yí padà, ó tún dọ̀bálẹ̀. "Bàbá, ẹ má bínú sí wa, a fẹ́ràn àgbà ni. Bí òjò àkọ́rọ̀ bá rọ̀, a ó gbin Ìyá sí ìlú wa, wọn yóò sì jókòó títí ayé. A ó padà wá gbé ẹ̀yin náà. Ẹ má wulẹ̀ rán ọmọ wá. Ẹni tí irun rẹ̀ kò bá funfun kì í rí ọ̀nà Ìlú Ìjókòó."

Nígbà tí àwọn ọmọ dé, wọ́n sunkún, wọ́n gbé ìbọn, wọ́n wọ igbó. Ibi tí bàbá wọn ti rí ọ̀nà gbọọrọ, igbó dídí ni wọ́n rí. Níyì àkọ́bí wọn padà wá kúnlẹ̀. "Bàbá, ẹ jẹ́ kí á gbé yín lọ, kí ẹ máa júwe ọ̀nà fún wa."

"Níyì," ni Ọdẹ́rìndé wí, "gbígbé ni ẹ gbé mi títí tí mo fi jókòó wo ìyá rẹ lọ. Fà mí dìde lẹ́ẹ̀kan péré, kí o sì fi mí sílẹ̀."

Ó mú ọ̀pá, ó wọ igbó. Bí ó ṣe rìn ín kò ṣe é fi ẹnu sọ. Ìgbín kọjá lára rẹ̀, ìgbín kí i pé ó kú ìrìn. Ó dé ibi tí igi ńlá kan wó dí ọ̀nà. Ìyá arúgbó kan jókòó lórí igi náà, iwin ni, apá rẹ̀ ki bí ìdí ọ̀pẹ, ó ń ju òkúta tí ó tó odó sókè, ó ń hán an bí ẹni tí ń fi ọsàn ṣeré.

"Ọmọdé, kí ni ò ń wá?"

"Ọmọdé kẹ̀? Ìyá, ẹ wo irun mi."

"Ta ni ó bi ọ́ ní ti irun? Gbé ẹsẹ̀ kọjá igi yìí kí n wò."

Ọdẹ́rìndé gbé ẹsẹ̀. Ẹsẹ̀ dé agbedeméjì, ó padà sílẹ̀. Iwin bú sẹ́rìn-ín, ewé já lórí igi.

"Ọdẹ tí igi tó ti kú dá dúró! Bí igi náà bá wà láàyè ńkọ́? Èmi ni Gbókútaṣeré. Ọjọ́ tí wọ́n gbin ìrókò tí ò ń wò yẹn, èmi ni mo gbẹ́ ihò rẹ̀. Sọ tẹnu rẹ."

Ọdẹ́rìndé sọ ọ́, láti orí ìbọn tí wọ́n gbà títí dé orí ọwọ́ tí Àwẹ̀ró nà. Iwin kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó ní, "Mo ní àlọ́ kan. Kí ni ohun tí a ń lò tí kì í tán, tí a bá gbé e pamọ́ ni ó ń jẹrà?"

"Ọgbọ́n ni."

"Ọgbọ́n kì í jẹrà. Mo mọ arúgbó tí kò dìde lórí ẹní mọ́, ọgbọ́n rẹ̀ ṣì mú bí abẹ."

"Ìfẹ́ ni."

"Ìyàwó rẹ ni ò ń rò. Jókòó sórí kùkùté yìí. Orúnkún rẹ ni yóò túmọ̀ àlọ́ náà fún ọ."

Ìyá yìí to kùkùté lọ́wọ̀ọ̀wọ́, èyí tí ó ga ṣíwájú, èyí tí ó kúrú tẹ̀lé e. Orí èyí tí ó ga jù ni ó fi Ọdẹ́rìndé sí. "Dìde. Má fi ọwọ́ kan nǹkan kan. Má sé èémí mọ́ inú, tú u jáde bí o ti ń gbéra. Ó dára. Ó yá, jókòó, ṣùgbọ́n rọra! Má ju ìdí sílẹ̀ bí ẹni sọ àpò iṣu." Lẹ́yìn èyí, ó ní kí ó fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì ti ìrókò bí ẹni fẹ́ tì í ṣubú. Ó fún un ní òkúta kéékèèké kí ó máa gbé e láti ilẹ̀ dé àyà. Ó ní kí ó dúró lẹ́sẹ̀ kan bí adìẹ tí òjò pa. Nígbà tí ó di ọjọ́ kejì, Ọdẹ́rìndé tún gbá òkúta mú, iwin gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

"Òní kọ́. Lónìí, máa rìn kiri, kí o sì sùn. Ìgbà tí a bá ń sinmi ni ẹran ara ń tún ilé rẹ̀ kọ́. Kí ni wọ́n ń fún ọ jẹ nílé?"

"Ẹ̀kọ tútù ni, Ìyá. Wọ́n ní òun ni ó rọ àgbà lọ́rùn."

"Ẹ̀kọ nìkan ni wọ́n fẹ́ fi mọ ògiri! Jẹ ẹ̀wà yìí. Jẹ ẹyin awó. Ẹja àrọ̀ wà nínú ìṣasùn, má ṣẹ́ ẹ kù."

"Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹran ara arúgbó kò tíì gbẹ pátá ná?"

"Ta ni ó pa irọ́ yẹn fún ọ? Ọ̀pọ̀tọ́ tí ó gbó, bí a bá gé ẹ̀ka rẹ̀, ṣé kì í rúwé ni? Ó lè pẹ́ ju ti igi kékeré lọ o. Yóò rú."

Ta ni ó ń rẹ́rìn-ín lẹ́yìn yẹn? Ládòkun ni! O ní, "Bàbá ọdẹ, arúgbó a ha máa gbé òkúta?" Ìwọ Ládòkun tí o gun òkè ilé Baálẹ̀ láàárọ̀ yìí tí ò ń mí hẹlẹhẹlẹ bí àgbò tí a fà lọ sọ́jà, ṣé ìwọ ni o fẹ́ bá òkúta wíjọ́? Dákẹ́ kí o gbọ́ tìrẹ.

Bí ọjọ́ ti ń gorí ọjọ́, Ọdẹ́rìndé kúrò lórí kùkùté gíga, ó bọ́ sí èyí tí ó tẹ̀ lé e. Òkúta tí ó tó ẹyin di èyí tí ó tó ìkòkò ọbẹ̀. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ kan ó gbójú sókè, ó rí ìkùukùu kan tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, àyà rẹ̀ já. Òjò àkọ́rọ̀! Kò dúró de Gbókútaṣeré. Ó lọ bẹ̀rẹ̀ mọ́ òkúta odó tí iwin fi ń ṣeré, ó fà á gìrìrì, ẹ̀yìn rẹ̀ dún bí igi gbígbẹ. Ó ṣubú lé ẹ̀gbẹ́, ó ń kérora.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Bàbá alágbára," ni iwin wí nígbà tí ó dé. "Ṣé òkúta náà ti bá ọ gbé aya rẹ dé?"

"Ìyá, òjò ń bọ̀!"

"Òjò ń bọ̀, ìwọ sì ti fi ìwàǹwára ta ọjọ́ tí o ní nù. Díẹ̀ díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà. Gbọ́ mi dáadáa: ìrora tí ó kàn ń wúwo lára bí ẹni ṣe ọ̀wẹ̀ lánàá, àlejò ni, yóò lọ. Èyí tí ó bá gún ọ wàì bí ọ̀kọ̀, ọ̀tá ni, dáwọ́ dúró. Èyí tí o ṣe yìí, ìwọ ni o lọ kan ilẹ̀kùn ilé ọ̀tá."

Ó dùbúlẹ̀ títí ẹ̀yìn fi tù ú. Nígbà tí ó tún bẹ̀rẹ̀, orí òkúta kékeré ni ó ti bẹ̀rẹ̀, kò sì jiyàn mọ́. Ó wá di òwúrọ̀ kan tí ó di òkúta kan mọ́ àyà, tí ó jókòó sórí kùkùté tí ó kúrú jù, tí ó sì dìde nílẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́ bí ẹni tí wọ́n pè. Ó dúró, ẹ̀rín ń pa á.

"Ìyá, mo ti mọ̀ ọ́n! Agbára ni. Bí a bá ń lò ó, ó ń pọ̀ sí i. Bí a bá gbé e pamọ́, ó ń jẹrà."

"Orúnkún rẹ ni ó sọ ọ́, ìwọ kọ́. Máa lọ."

"Ẹ fún mi ní oògùn díẹ̀ dání, ẹ jọ̀ọ́."

"Oògùn wo? Ta ni ó ń gbé oògùn lé ọwọ́ ẹni tí ó ti gbé tirẹ̀ sára?"

Ó gbé ẹsẹ̀ kọjá igi tí ó wó, kò tilẹ̀ wo ilẹ̀. Iwájú, ó kan odò kan tí gbogbo òkúta inú rẹ̀ ń yọ̀ bí ilá. Abẹ́ odò yìí ni Ayọnilẹ́sẹ̀ ń gbé, iwin kúkúrú tí kò ní iṣẹ́ méjì ju kí ó máa gbé àgbà ṣubú lọ. Egungun ìbàdí àwọn tí ó ti gbé ṣubú ni ó fi mọ ọgbà yí ilé rẹ̀ ká. Ọdẹ́rìndé dé agbedeméjì, Ayọnilẹ́sẹ̀ gbá a ní kókósẹ̀. Ẹsẹ̀ kan fò lọ sókè. Ẹ̀yin ènìyàn mi, ká ní ọjọ́ ti àga ni, ìtàn ti parí nìyẹn! Ṣùgbọ́n èkejì dúró gbagidi bí adìẹ tí òjò pa, itan gbà á, ìbàdí gbà á, ara rẹ̀ fì sọ́tùn-ún, ó fì sósì, ó dúró. Ayọnilẹ́sẹ̀ tún gbá èkejì. Ó tún dúró.

"Bàbá, kí ló dé tí ẹ kò ṣubú?" Ohùn iwin náà fẹ́rẹ̀ẹ́ dà bí ẹkún.

"Ọmọ mi, àyè rẹ̀ ni kò sí," ni Ọdẹ́rìndé wí, ó sì gòkè odò.

Bí ó ti yọ sí ẹnubodè Ìlú Ìjókòó, àwọn aláṣọ funfun tú jáde bí eéṣú. Tẹríba, oníbodè wọn, ni ó ṣíwájú. Ìdọ̀bálẹ̀ ti sọ iwájú orí ọkùnrin yìí di pẹrẹsẹ. "Ẹ káàbọ̀, Bàbá! Àga! Ẹ gbé àga wá kíákíá!" Wọ́n gbé oríṣiríṣi dé, olóòwú, oníyẹ̀ẹ́, èyí tí ó ń mi ara rẹ̀ bí ọmọ tí a pọ̀n.

"Ẹ ṣé o. N ó dúró."

"Yéè! Bàbá ń dúró!" Obìnrin wọn ká ọwọ́ lórí, ọkùnrin wọn sunkún. Ó dúró láti àárọ̀ títí oòrùn fi yẹ orí, wọ́n sì ń tẹ̀ lé e pẹ̀lú àga káàkiri ìlú.

Ní ìta ọjà wọn, ó rí òkìtì ọ̀gán lọ́wọ̀ọ̀wọ́. Òkìtì kan dé fìlà, òkìtì kan wé gèlè. Ó wò wọ́n títí ó fi yé e pé àwọn àgbà tí òjò ti bá lórí àga ni. Ní ìpẹ̀kun ọ̀wọ́ náà ni Àwẹ̀ró jókòó, tí ọmọge kan ń fi ṣíbí bọ́ ọ.

"Bàbá Níyì! Ẹ dé?" Ojú rẹ̀ mọ́, kò sì mọ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ; oorun ti ń gbé e. "Ẹ wá jókòó. Ó dùn níbí o."

Gbòǹgbò wẹ́ẹ́rẹ́, funfun bí irun àgbàdo, ti yọ láti inú àga, ó ti di itan rẹ̀ mú. Ọdẹ́rìndé la ẹsẹ̀, ó tẹ orúnkún, kò tẹ ẹ̀yìn, ó gbá aya rẹ̀ mọ́ra, ó tú èémí jáde: họ́ọ̀! Gbòǹgbò já pátápátá. Ó pọ̀n ọ́n, ó kọrí sí ẹnubodè. Kò sí ẹni tí ó lè dá a dúró. Ṣùgbọ́n bí ó ti fẹ́ ré ìloro òkúta tí ó dábùú ẹnu ibodè kọjá, afẹ́fẹ́ le bí ògiri, ó fi orí sọ ọ́.

"Ẹ pẹ̀lẹ́, Bàbá," ni Tẹríba wí láti ilẹ̀. "Ẹnubodè yìí kò mọ ẹrù. Ẹsẹ̀ ara ẹni ni a fi ń jáde."

"Ta ni ó ṣe òfin yẹn?"

"A bá a bẹ́ẹ̀ ni. Kò tíì sí ẹni tí ó fẹ́ fi ẹsẹ̀ jáde rí."

Wọ́n gba Àwẹ̀ró lẹ́yìn rẹ̀ jẹ́jẹ́, wọ́n tún gbé e lé àga mìíràn. Ọdẹ́rìndé wo àwọsánmà ní ìwọ̀-oòrùn, ó mọ̀ pé kò sí ohun tí agbára tirẹ̀ nìkan lè ṣe mọ́. Agbára ọkọ kò lè wọ itan aya.

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ. "Àwẹ̀ró, gbéra díẹ̀." Bí Àwẹ̀ró bá ti mi ìdí, ọmọ ìlú náà méjì a sáré dé: "Pẹ̀lẹ́ o, Ìyá!" Wọn a fi ọwọ́ sí abíyá rẹ̀, wọn a gbé e sókè, wọn a sì gbé e padà. Bí Ọdẹ́rìndé bá lé wọn, wọn a dọ̀bálẹ̀ tọrọ àforíjì, wọn a tún dìde wá gbé e. Ó sú ọdẹ.

Òwúrọ̀ kan ni ọ̀nà là. Gbogbo ìlú a máa wá kí àwọn àgbà láàárọ̀, wọn a dọ̀bálẹ̀ lọ rẹrẹ. Òwúrọ̀ yìí, wọ́n ní, "Ẹ káàárọ̀ o, Bàbá! Ẹ káàárọ̀ o, Ìyá!" Ọdẹ́rìndé ń wo gbòǹgbò tuntun kan ní àtẹ́lẹsẹ̀ Àwẹ̀ró, ó gbàgbé láti dá wọn lóhùn. Àwẹ̀ró ń tòògbé. Ọdẹ́rìndé bojú wẹ̀yìn, wọ́n ṣì wà nílẹ̀ gbalaja, imú nínú eruku.

"Bàbá," ni Tẹríba sọ láti inú iyẹ̀pẹ̀, "a kí yín o."

Ó yé ọdẹ. Ní ìlú tí ó mọ ọ̀wọ̀ tó báyìí, ta ni yóò dìde nígbà tí àgbà kò tíì dáhùn? Ó pa ẹnu mọ́. Ó bẹ̀rẹ̀ sí etí aya rẹ̀.

"Dìde, Àwẹ̀ró. Kò sí ẹni tí yóò gbé ọ."

"Ó rẹ̀ mí, Bàbá Níyì. Ẹ fi mí sílẹ̀."

"Ọjọ́ tí wọ́n gbé ọ, o pè mí, n kò lè dìde. Mo wò ọ́ lọ. Èmi ò ní í jókòó wò ọ́ lọ lẹ́ẹ̀kejì. Bojú wo ọ̀tún rẹ."

Àwẹ̀ró bojú wo òkìtì ọ̀gán tí ó wé gèlè. Òkìtì náà mí kanlẹ̀. Oorun dá lójú obìnrin náà. Ó fi ọwọ́ méjèèjì ti àga, ó dìde dé ìlàjì, ó jókòó. Ó tún un ṣe títí ó fi rẹ̀ ẹ́, kí Ọdẹ́rìndé tó dá ìlú lóhùn. Láti ọjọ́ náà, àràárọ̀ ni ìlú ń dọ̀bálẹ̀ tí ohùn kò jáde, àràárọ̀ ni Àwẹ̀ró ń dìde tí ó ń jókòó, lákọ̀ọ́kọ́ pẹ̀lú ọwọ́, lẹ́yìn náà láìlo ọwọ́. Ó gba ṣíbí lọ́wọ́ ọmọge, ó ní ẹ̀wà ni òun fẹ́, kí wọ́n gbé odindi àwo fún òun. Àwọn ará ìlú ń kẹ́dùn láàárín ara wọn: "Àwọn àgbà méjì yìí mà ń pẹ́ dáhùn o." "Kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́! Wọ́n ń ronú ni."

Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́, ó ń dun Ọdẹ́rìndé. Àgbà tí a kí tí kò dáhùn, ìwà kò sí lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó gbé ìtìjú mì.

Ó wá di òwúrọ̀ tí àrá sán. Òórùn ilẹ̀ gbígbẹ tí omi fẹ́ kàn gba inú ìlú. Gbogbo wọn wá, wọ́n dọ̀bálẹ̀, wọ́n kí. Ọdẹ́rìndé kò sọ nǹkan kan. Àwẹ̀ró dìde, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì wà ní àyà rẹ̀. Ó gbé ẹsẹ̀ kan, ó gbé èkejì, ó ń kọjá láàárín ẹ̀yìn àwọn tí ó dọ̀bálẹ̀ bí ẹni tí ń kọjá láàárín ebè.

"Bàbá, ẹ dá wa lóhùn!" ni Tẹríba ń bẹ̀bẹ̀. "Òjò ń bọ̀, Ìyá yóò tutù! Ẹ jẹ́ kí á gbé wọn!"

Wọ́n dé ìloro òkúta. Ó ga dé orúnkún. Ọdẹ́rìndé ré e kọjá, ó yíjú sí aya rẹ̀. Àwẹ̀ró gbé ẹsẹ̀, ó sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Ó na ọwọ́. "Ẹ fún mi lọ́wọ́, Bàbá Níyì."

Ọwọ́ kan náà ni, bí ó ti nà án lọ́jọ́ kìn-ín-ní. Ọdẹ́rìndé ká ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn, ó gé ètè jẹ. Òkúta Gbókútaṣeré fúyẹ́ ju ọwọ́ tí kò nà yẹn lọ.

"Àwẹ̀ró, bí mo bá fà ọ́, o ti di ẹrù nìyẹn."

"Ọkùnrin yìí, ojú rẹ le o! Èmi tí mo bímọ fún ọ!" Inú bí i, ìbínú sì wọ itan rẹ̀. Ó gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún lé orí òkúta. Itan náà gbọ̀n rìrì. Ó tú èémí, họ́ọ̀! Ó gòkè, ó dúró lórí ìloro bí ẹni dúró lórí òkè, ó sì sọ̀ sí òdìkejì. Ìkán òjò àkọ́kọ́ bọ́ sí ibi tí gìgísẹ̀ rẹ̀ ti kúrò.

Àwẹ̀ró mí, ó bojú wẹ̀yìn wo gbogbo ìlú tí ó dojú bolẹ̀ nínú òjò. Àánú wọn ṣe é.

"Ẹ̀yin ọmọ mi," ni ó ké, "mo gbọ́ ìkíni yín. Ẹ dìde. Ẹ ṣé o fún ìkẹ́ yín. Ṣùgbọ́n ẹ má wá sí Òkè-Ahun mọ́ o, ẹni tí ẹ bá bá lórí ìdúró níbẹ̀ yóò pọ̀ jù yín lọ."

Nínú ìlú, àga òfìfo ti ta gbòǹgbò sínú ẹrẹ̀. Tẹríba dìde, ó dúró lẹ́nu ibodè, ó ń wo ẹsẹ̀ arúgbó tí ń lọ. Kò rí irú rẹ̀ rí. Àwẹ̀ró kò dúró de ọkọ rẹ̀. Ó ti ṣíwájú, òjò ń pa á, ó ń la ẹrẹ̀ kọjá pọ́tọpọ̀tọ.

"Àwẹ̀ró, rọra o! Ilẹ̀ ń yọ̀."

"Ẹ̀yin ni kí ẹ yára," ni ó wí, kò sì yíjú padà.

Níbẹ̀ ni mo bá wọn dé, ẹsẹ̀ wọn ni ó sì gbé wọn délé. Ẹ̀yin àgbà tí ẹ jókòó gbọ́ mi, ọ̀rọ̀ tán lẹ́nu mi, ilé yá. Ẹ fi àga sílẹ̀, ẹ fi èjìká ọmọ sílẹ̀, ẹ tú èémí jáde, kí ẹ sì dìde fúnra yín. Ẹ̀yin ọmọ, ẹ má sáré wá. Ẹ dúró wò wọ́n.